Oṣù Mẹ́rin Tí Kẹ́hìndé Fi Wà Lábà

Òórùn okùn tí omi iyọ̀ ti gbó ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, òun àti òórùn epo dísù tó ń rú sókè láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Inú ọkọ̀ onígbòkun kan ni mò ń gbé lọ́dún náà, ní èbúté Dàkáà. Ìròyìn àwọn apẹja ni wọ́n rán mi lọ kọ, owó ilé sì wọ́n nílùú náà. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ọkọ̀. A ó ta ìgbòkun, a ó tẹ̀lé àwọn apẹja lọ sójú agbami, bó bá di Sátidé a ó padà sí èbúté, níbi tí fóònù ti ń ṣiṣẹ́.

Kẹ́hìndé ni mo máa ń kọ́kọ́ pè, ní Igbó-Ọrà. Èmi ni Táíwò. Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde, síbẹ̀ òun ni ẹ̀gbọ́n, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé. "Àbúrò mi tó ń gbé inú omi bí ẹja àrọ̀," bẹ́ẹ̀ ló máa ń kí mi, "ṣé wọn ò tíì fi ọ́ sebẹ̀?" Ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀gúsí ló ń gbìn, ní abà wa lọ́nà Tápà. Bí mo bá fẹ́ ra ṣẹ́ẹ̀tì, méjì ni mo máa ń rà. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn.

Ní Sátidé kan, fóònù rẹ̀ kò lọ. Mo pe ìyá wa.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ wà lábà. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀."

Mo pe ìyàwó rẹ̀. "Wọ́n wà lábà, bùrọ̀dá. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀." Mo pe pásítọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ kan náà.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fọ̀rọ̀ wá àwọn tí ọ̀ràn ṣojú wọn lẹ́nu wò. Bí ẹni mẹ́ta bá sọ ohun kan náà láìyẹ gbólóhùn, ẹnì kan ló kọ́ wọn. Ọmọ Igbó-Ọrà sì ni mí. Mo mọ̀ pé a kì í sọ fún ìbejì pé èkejì rẹ̀ kú. Wọ́n á ní ó lọ síbì kan ni, kí ẹni tó kù má baà tẹ̀lé e. Ó yẹ kí n béèrè.

Mo ní fún pásítọ̀ pé, "Ẹ bá mi kí i."

Oṣù mẹ́rin la fi ṣe é báyẹn. Iṣẹ́ mi parí, mo bẹ tíṣà kó jẹ́ kí n dúró sí i. Ní Sátidé kọ̀ọ̀kan, ìyá wa á fún mi ní ìròyìn oko: Kẹ́hìndé ti ń kó ẹ̀gúsí, ewúrẹ́ kan wọ inú ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ó ní kí n má gbàgbé ẹja òun. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Bí atẹ́gùn bá wá lu ìgbòkun, ikọ́ Kẹ́hìndé gan-an ni mo máa ń gbọ́. Ojú kan náà la ní. Mo kọ́ bí a ṣe ń fá irùngbọ̀n láìwo dígí.

Lọ́jọ́ kan tíṣà bi mí pé, "Ta lo máa ń ra ṣẹ́ẹ̀tì kejì fún?"

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìgbà wo ló ń bọ̀?"

Mo di ẹrù mi, mo forí lé Igbó-Ọrà.

Ìyá wa ń ṣa ìlasà níwájú ilé nígbà tí mo sọ̀ lórí ọ̀kadà. Wọ́n wo ojú mi títí, ewé bọ́ lọ́wọ́ wọn.

"Màámi, mo mọ̀."

"Mo mọ̀ pé o mọ̀. Láti kékeré lo ti ń fi ìbéèrè dá mi lágara. Ọjọ́ tí o dákẹ́ ni mo mọ̀."

Alùpùpù ló gbé e ṣubú lọ́nà abà. Wọ́n ti sin ín kí n tó pe fóònù tí kò lọ yẹn.

"Ní gbogbo Sátidé," ni Màámi wí, "mà á kọ́kọ́ sunkún, mà á bọ́jú, kí n tó gbé fóònù rẹ. N ò fẹ́ kí ohùn mi há."

Mo ti rò pé èmi nìkan ni wọ́n ń dáàbò bò. N kò rò ó pé ìyá mi ló ń bá mi roko fún òkú láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Mo ti bi olè ní ìbéèrè rí, mo ti bi gómìnà. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí ì bá jẹ́ kí ìyá mi ráyè sunkún sí mi létí ni mo fi pamọ́ sẹ́nu, fún oṣù mẹ́rin gbáko.