Oúnjẹ Ẹyẹlé ní Àjà Òkè

Ẹgbàárùn-ún náírà ni ọmọ-ọmọ mi ra ìwé ìtàn kan ní Wuye lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ní kó tún un wí. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, tọ́rọ́ kan ni mo fi ń ra irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń tẹ́ àlòkù ìwé sílẹ̀ lẹ́bàá ọjà wa. Bí mo bá mú sísì lọ, ó ṣẹ́kù fún gúgúrú. Ìtàn inú wọn kò sì yàtọ̀: ilé ńlá kan ní ìgbèríko, yàrá tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ̀, ẹbí tó ń fi nǹkan pamọ́. Ọmọ náà ní, "Gránpà, ẹ̀rù bà mí o! Ṣé irú ilé báyìí wà lóòótọ́ ṣá?" Òórùn ìgbẹ́ ẹyẹlé àti ọṣẹ dúdú ló kọlù mí nímú, òórùn òwúrọ̀ ọjọ́ kan nílé bàbá tó bí bàbá mi.

Pẹ́tẹ́ẹ̀sì alájà méjì ni ilé náà, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Owó kòkó ni Bàbá Àgbà fi kọ́ ọ. Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ya òdòdó yí fèrèsé rẹ̀ ká, àtẹ̀gùn pákó rẹ̀ sì máa ń ké bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwòrán Ìyá Àgbà wà nínú pálọ̀ ìsàlẹ̀: wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èjí wà lẹ́nu wọn, àpá iná sì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ wọn òsì. Kí wọ́n tó bí mi ni wọ́n ti kú, ohun tí wọ́n sọ fún wa nìyẹn. Yàrá ẹ̀yìn ní àjà òkè ni ẹyẹlé Bàbá Àgbà ń gbé, àwa ọmọdé kò sì gbọdọ̀ débẹ̀. Láràárọ̀, màámi a gbé abọ́ gòkè, wọn a ní oúnjẹ ẹyẹlé ni.

Ìwé tí mò ń kà ló là mí lójú. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo yọjú wo inú abọ́.

"Màámi, ẹyẹlé wo ló ń jẹ orí ẹja?"

"Ẹyẹlé tí kò ní yẹ̀yẹ́ bíi tìẹ. Lọ rin pákò, lọ́yà tí kò ní wíìgì!"

Ọjọ́ náà gan-an ni ẹbí ọkọ Àǹtí Bísí ń bọ̀ wá ṣe ìwádìí. Àbúrò bàbá mi ni Àǹtí Bísí, àbígbẹ̀yìn Ìyá Àgbà. Láti ọmọ ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti gbé wọn lọ sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí kan ní Jọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ló sì mú wọn wá sílé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ò ní gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹbí ọkọ a béèrè ohun mẹ́ta: wèrè, wárápá, ẹ̀tẹ̀. Bí wọ́n bá gbúròó ọ̀kan nínú ilé, ìgbéyàwó ti tú ká nìyẹn. Wọn kì í gba ti àgbà nìkan gbọ́, wọn a fa ọmọdé sí kọ̀rọ̀.

Bí màámi ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí àdògán, mo yọ́ gòkè. Wọn ò ti ilẹ̀kùn. Ẹyẹlé gbá ìyẹ́ pàpà lójú mi. Lẹ́yìn àgò wọn, obìnrin kan jókòó lórí ẹní, ó ń fi ìka tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀ bu ẹ̀kọ. Ó gbójú sókè. Ojú náà ti wú, imú ti rì, ṣùgbọ́n àpá iná wà lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì. Nígbà tó rẹ́rìn-ín, mo rí èjí. Ìyá Àgbà ni, òkú tí mò ń wò nínú pálọ̀ lójoojúmọ́.

"Ṣẹ́gun ni ẹ́, àbí?" ni wọ́n wí. "Dúró síbẹ̀ yẹn, má sún mọ́ mi. Bísí ńkọ́? Ṣé ó ga?"

"Wọ́n ga, mà."

"Ṣé ó pupa?"

"Wọ́n pupa, mà."

Wọ́n ti abọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Bí àwọn àlejò bá bi ẹ́, mo ti kú o. Ṣé o gbọ́?"

Màámi bá mi lórí àtẹ̀gùn. Wọn ò nà mí. Wọ́n fi ìka méjì di ètè mi mú, wọ́n ní, "Ṣe là ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú, tu itọ́ funfun. Bí o bá sọ̀rọ̀ lónìí, àǹtí ẹ ò ní rọ́kọ fẹ́ mọ́."

Lọ́sàn-án, Bàbá Àgbà búra fún àwọn àlejò lábẹ́ àwòrán yẹn pé kò sí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nílé àwọn. Ọ̀kan nínú wọn, àbúrò ìyá ọkọ, tí àwa ọmọdé ti sọ ní Màmá Awò nítorí awò ojú rẹ̀, fà mí lọ sídìí kànga.

"Ọkọ mi, ta ló wà lókè yẹn?"

"Ẹyẹlé ni, mà."

"Bí ẹnì kan bá ń ṣàìsàn níbẹ̀, o lè sọ fún mi o. Mi ò ní bínú."

"Ìyá àgbà wa ti kú, mà."

Wọn ò béèrè Ìyá Àgbà lọ́wọ́ mi. Wọ́n wò mí títí, wọ́n fọwọ́ pa mí lórí, wọ́n sì padà wọlé. Àǹtí Bísí relé ọkọ. Lọ́dún kejì, Ìyá Àgbà kú, wọ́n sin wọ́n sẹ́yìnkùlé láìsí ẹkún.

Mo ti wọ yunifásítì kí n tó tún pàdé Màmá Awò. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni wọ́n, àgọ́ tí wọ́n ti ń wo adẹ́tẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà ọmọge. "Mo mọ̀ pé ẹnì kan wà lókè," ni wọ́n wí. "Oògùn ti wà nígbà yẹn, Ṣẹ́gun. Ká ní o sọ ọ́ fún mi ni, ǹ bá wá mú ẹni náà lọ tọ́jú jẹ́jẹ́, ẹbí wa ì bá má gbọ́." Mo jókòó sórí ilẹ̀ lásán níwájú wọn.

Bwari ni Àǹtí Bísí ń gbé báyìí, lọ́dọ̀ ọmọ wọn. Bí mo bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń lọ kí wọn. Lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá, wọ́n ń bó ọsàn, wọ́n kàn ṣàdédé bi mí pé, "Ṣẹ́gun, ṣé o tiẹ̀ bá ìyá mi láyé?"

Ẹ̀rù àgbà ń ba ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn, ó ní àwáwí. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni mí, kò sẹ́ni tó di ètè mi mú.

"Rárá, Àǹtí," ni mo wí. "Wọ́n ti kú kí wọ́n tó bí mi."

Bàbá Àgbà ti lọ. Bàbá mi ti lọ, màámi náà ti lọ. Ọkọ Àǹtí Bísí ti lọ, Màmá Awò ti lọ. Nínú gbogbo àwa tí ọ̀rọ̀ náà kàn nínú ilé yẹn lọ́jọ́ náà, Àǹtí Bísí ló kù, àti èmi.