Ọ̀bẹ Inú Àwòrán Hemanga

Èmi kì í tètè gba ènìyàn gbọ́, mi ò sì ní tọrọ àforíjì lórí ìyẹn. Iṣẹ́ mi ní Kolkata ni kí n fi ásíìdì gbẹ́ àwòrán sára irin pẹlẹbẹ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gbẹ́ ti Hemanga Sarkhel. Ìwé ìtàn ọmọdé tó bá lórúkọ, àwòrán rẹ̀ ló máa ń wà níbẹ̀. Mo mọ ìlà ọwọ́ rẹ̀, mo sì mọ àṣìṣe rẹ̀.

Àṣìṣe rẹ̀ ni ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ táwọn obìnrin wa fi ń gé ẹja, ilẹ̀ ló ń dúró sí. Wọ́n á fẹsẹ̀ tẹ ìdí rẹ̀, ojú rẹ̀ á sì kọ sí ẹni tó ń gé nǹkan. Ti Hemanga, àlejò ló máa ń kọjú sí. Ọkùnrin tí kò gé àlùbọ́sà rí láyé rẹ̀. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú mi.

Lọ́dún yẹn, àwòrán ìwé ọdún òrìṣà wa Durga dé, ọ̀bẹ kọjú síbi tó yẹ. Ara fu mí. Mo wo èkejì, mo wo ẹ̀kẹta, bákan náà ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ara ti ń fu Pramatha, olóòtú ìwé náà, ṣáájú mi. Hemanga kì í wá sí ọ́fíìsì mọ́. Suprabha, ìyàwó rẹ̀, ló ń gbé àwòrán wá.

"Nibaran, bá mi lọ wo ilé yẹn," Pramatha wí. "Bó bá jẹ́ ẹlòmíì ló ń yà á, tí Hemanga kàn ń fọwọ́ sí i, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn."

Mo lọ lọ́sàn-án, mi ò ránṣẹ́ ṣáájú. Ẹni tó fẹ́ mú olè kì í kan ìlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. Hemanga jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó fi mí pe oníwàrà, ó bi mí pé ìgò wàrà mélòó ni mo gbé wá. Ìgbà tí mo sọ̀rọ̀ ló tó mọ̀ pé èmi ni. Ojú rẹ̀ ti lọ.

Mo wo ìka Suprabha bó ṣe ń bu tíì fún mi. Yíǹkì dúdú wà ní èékánná rẹ̀.

"Ìyàwó wa, ìgbà wo lẹ ti ń yà á?"

"Látọdún tí mo ti wọlé ọkọ."

"Ẹ má parọ́ fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń gé ẹja lójoojúmọ́, ẹ̀yin lẹ ya àwọn ọ̀bẹ tó kọjú síbi tí kò yẹ yẹn?"

"Bó ṣe yẹ ni mo máa ń yà á. Ọkọ mi ló máa ń fi yíǹkì funfun pa á rẹ́, táá tún un yà. Ó ní kí ni mo mọ̀. Ní báyìí, kò rí i mọ́."

"Ọ̀bẹ tèmi ló dáa jù," Hemanga kùn láti ibi fèrèsé.

Inú bí mi sí i, ó sì bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń pe ara mi ní ẹni tí nǹkan ò lè pamọ́ fún.

"Mo lè ha orúkọ rẹ̀ kúrò lára irin," mo wí, "kí n gbẹ́ tiyín sí i."

"Kí iṣẹ́ lè bọ́, ká wá máa jẹ kí ni? Ẹ fi orúkọ yẹn sílẹ̀. Ọ̀bẹ mi nìkan ni kí ẹ má fọwọ́ kàn."

Nígbà tí mo padà dé ọ́fíìsì, Pramatha ò tilẹ̀ jẹ́ kí n jókòó. "Ta ló ń yà á?"

"Ọwọ́ tó ti ń yà á láti ọgbọ̀n ọdún ni."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà."

Mo padà sídìí irin mi. Mo gbẹ́ ọ̀bẹ náà bí Suprabha ṣe yà á. Nígbà tí mo dé ibi orúkọ, mo gbẹ́ Hemanga síbẹ̀, ó sì dùn mí wọnú eegun.