Káàdì Ẹgbẹ́ Victor

Ẹgbẹ́ Àwọn Adánilárayá Lekki sí Ajah kì í fi ọ̀rọ̀ káàdì ṣeré rárá. Bí o bá fẹ́ pidán, kó o jẹ iná, tàbí kó o ju ìgò mẹ́fà sókè kó o máa hán wọn, láti Oniru títí dé Eleko, o gbọ́dọ̀ ní káàdì. Wọ́n ní ìgbì òkun kan ṣe bẹbẹ ní Eleko lọ́dún tó kọjá, àwọn èrò pàtẹ́wọ́ fún un, ni alága bá bi í pé káàdì rẹ̀ dà.

Ìdí nìyí tí Ràhímátù fi ní káàdì méjì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó gbé ọmọlangidi onígi kan lé itan, kó máa bá a tàkúrọ̀sọ, kí ọmọlangidi náà sì máa dá a lóhùn, láìjẹ́ pé ètè Ràhímátù mì. Victor ló sọ ọ́. Lọ́jọ́ tó wá wọ ẹgbẹ́, Ọ̀gá Akínọ̀ṣọ́ tí í ṣe alága wo Victor tìkà-tẹ̀gbin. Pidánpidán ni Ọ̀gá. Ó lè yọ ẹyin mẹ́wàá létí èèyàn, ṣùgbọ́n kò tíì lè yọ ara rẹ̀ nípò láti ọdún mọ́kànlá.

"Ta nìyí?"

"Ọmọlangidi mi ni, sà."

"Ṣé ó máa ń sọ̀rọ̀ lórí ìtàgé?"

"Ó máa ń sọ̀rọ̀, sà."

"Òṣèré nìyẹn! Òfin ò mojú ẹnìkan. Káàdì tiẹ̀ lọ́tọ̀."

Ni wọ́n bá ya fọ́tò Victor, wọ́n ki ìka igi rẹ̀ bọ yíǹkì, Ọ̀gá sì lu òǹtẹ̀ gbàà.

Ó ṣe díẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ní Eleko ní àwọn ń wá òṣèré kan ṣoṣo tí yóò máa dá àlejò lára yá ní gbogbo ọ̀sán Sátidé títí òjò yóò fi dé. Ẹgbẹ́ ni yóò yan ẹni náà. Iṣẹ́ yìí wọ Ràhímátù lójú ju wúrà lọ. Òde ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ olówó VGC tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ ti gbẹ. Ilé aláfẹ́fẹ́ tí àwọn ọmọdé ń fò lórí rẹ̀ ti gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí Eleko bá tún bọ́, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kù, ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ pé bó bá ti rí i, yóò ní, "Ọkọ rẹ onígi ńkọ́?"

Ọpẹ́, ajẹná, ló ń bá a du iṣẹ́ náà. Gbogbo ohun tí Ọpẹ́ tíì rí gbà lọ́wọ́ iná kò ju pé irun ìpéǹpéjú rẹ̀ ti jó tán. Ṣùgbọ́n àbúrò ìyàwó alága ni. Ẹ̀bùn wo ló tún kù?

Ọjọ́ ìdìbò pé, wọ́n kó jọ sínú kíláàsì kan ní Ajah lẹ́yìn ìrun àsáárì. Alága gbé àpótí ìbò jáde. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Onídán wo ni yóò ju ìwé sínú àpótí onídán ẹgbẹ́ rẹ̀?

"Ọ̀gá, ẹ gbé e padà o!" Sẹ̀gilọlá, obìnrin tó ń fi ìgò ṣeré, pariwo. "Inú àpótí yìí kan náà lẹ ti sọ ẹyẹlé di ehoro lóṣù tó kọjá!"

Kálukú bá tò sẹ́yìn ẹni tó fẹ́. Méjìlá lẹ́yìn Ọpẹ́, méjìlá lẹ́yìn Ràhímátù. Alága rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún fìlà ṣe. Nínú ẹgbẹ́ yìí, alága kì í dìbò àfi tó bá dọ́gba.

"Kò tíì dọ́gba, sà," ni Ràhímátù wí. Ó ṣí báàgì, ó fa Victor yọ, ó na káàdì rẹ̀ sókè.

"Igi lásán!" Ọpẹ́ fò fẹ̀rẹ̀.

"Igi tó ní káàdì," Sẹ̀gilọlá dá a lóhùn. "Tìẹ dà? Àbí o ti gbé e mì?"

Alága gba káàdì náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn. Ẹni tó ti mú odindi àgùntàn pòórá rí kò mọ bí yóò ṣe mú òǹtẹ̀ ara rẹ̀ pòórá lójú àwọn tó mọ gbogbo ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀.

"Kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tó ń dìbò fún!" ó jágbe.

"Látàárọ̀ ni mo ti ń retí kẹ́ ẹ bi mí, sà," Victor fèsì. "Ràhímátù ni. Mi ò lè dúró sẹ́yìn Ọpẹ́. Igi ni mí, ajẹná sì ni."

Kíláàsì dàrú fún ẹ̀rín. Mẹ́tàlá sí méjìlá.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, alága fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé sí òtẹ́ẹ̀lì, ó sì lu òǹtẹ̀ gbàà: *Òṣèré tí a yàn: Ọ̀gbẹ́ni Victor. Ẹni tí yóò máa gbé e: Ràhímátù.*

Nígbà tí wọ́n dé Eleko ní Sátidé, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ka ìwé náà, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún ọmọlangidi náà. "Ẹ káàbọ̀, Ọ̀gá Victor." Ó wá kọjú sí Ràhímátù. "Àǹtí, ẹ̀yìn làwọn tó ń gbẹ́rù ń gbà wọlé."

Ràhímátù gbé ọ̀gá rẹ̀ kọ́ èjìká, ó gba ẹ̀yìn wọlé. Kí ló kàn án? Iṣẹ́ ti dọ́wọ́.