Àgùàlà Ń Bá Òṣùpá Rìn

Òórùn àdín gbígbóná ló máa ń jí mi láàárọ̀ Sátidé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ní agboolé wa ní Bẹ́yẹrúnkà, ìyá mi á ti kírun, á ti dáná sábẹ́ ìkòkò irin ńlá lẹ́yìnkùlé, á sì ti máa se ọṣẹ dúdú tó ń kó lọ tà l'Ọ́jà'ba. Eérú èèpo kòkó ló fi ń ṣe é. Ó máa ń da eérú náà sínú ajere, ìkòkò tí wọ́n dá ihò sí lára yíká, á bu omi lé e, omi dúdú á sì máa kán tó, tó, tó sínú àwo tó wà nísàlẹ̀. Omi eérú yẹn máa ń ta ni lára. Ó ti bó àtẹ́lẹwọ́ ìyá mi, ó ti jẹ èékánná rẹ̀ wọnú, débi pé tó bá fọwọ́ pa mí lórí, irun mi máa ń kọ́ ọ lọ́wọ́.

Ìràwọ̀ ni aago rẹ̀. Lọ́jọ́ iléèwé, bí ìràwọ̀ ńlá kan bá ti yọ lókè òrùlé ilé kejì kí wọ́n tó pe ìrun àsùbá, á ní, "Àgùàlà ti yọ o, Àṣàkẹ́, dìde." Ráfíátù ni wọ́n ń pè mí ní iléèwé, ṣùgbọ́n oríkì mi ni ìyá mi máa ń pè, àfi tí mo bá ṣẹ̀ ẹ́. Ó tún ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ bó bá rí ẹni tó ń fojú tín-ín-rín ọmọnìkejì rẹ̀: "Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni." Mi ò bi í rí pé kí ló túmọ̀ sí. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ajá lásán ni.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní ìsàlẹ̀ Mápó nígbà náà, ẹ ò ní tíì gbàgbé Ilé Ìràwọ̀. Ilé roboto kan ni, tí àdúgbò fi ń ṣe ìpàdé tẹ́lẹ̀. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Kúdẹtì, ló tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ló fi aṣọ funfun ṣe àjà rẹ̀ bí ìdajì igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Bàbá Oníràwọ̀ la máa ń pè é. Ó ní kí àwọn alágbẹ̀dẹ jó abọ́ irin méjì pọ̀ bíi bọ́ọ̀lù, ó fi ìṣó lu ihò wẹ́wẹ́ sí i lára, ó sì gbé gílóòbù sínú rẹ̀. Tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa, tí Bàbá tan gílóòbù yẹn, ìràwọ̀ á kún orí wa lọ́sàn-án gangan. Ẹnikẹ́ni ló lè wọlé wá wò ó. Mo rí ajere ìyá mi lára bọ́ọ̀lù yẹn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀. Mi ò jẹ́ sọ ọ́ síta. Ta ni yóò dárúkọ ajere níbi tí wọ́n ti ń sọ òyìnbó?

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, orí mi sì pé sí ọ̀rọ̀ ìràwọ̀. Èmi ni Bàbá Oníràwọ̀ yàn láti máa di tọ́ọ̀ṣì mú. Bí ó bá ti dárúkọ ìràwọ̀ kan, màá tan iná sí i kí gbogbo èrò lè rí i. Ipò yẹn ló sọ mí di ọ̀rẹ́ Fọlákẹ́, ọmọ lọ́yà kan ní Òkè Padre, tí wọ́n máa ń fi mọ́tò gbé wá, tí sọ́ọ̀kì rẹ̀ máa ń funfun láti àárọ̀ dalẹ́. Òórùn pọ́dà ló máa ń jáde lára rẹ̀. Èmi, mo máa ń gbóòórùn ara mi kí n tó jókòó tì í, nítorí àdín. Mo sọ fún un pé báńkì ni ìyá mi ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Irọ́ tèmi ò tilẹ̀ lọ tó oṣù kan kí òtítọ́ tó dé ẹnu ọ̀nà.

Bàbá Oníràwọ̀ ló ní kí kálukú mú òbí rẹ̀ wá ní Sátidé kan. Mi ò délé sọ. Ẹnu ọmọ ilé kejì ni ìyá mi ti gbọ́, kò sì bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ fún òun. Lọ́jọ́ náà, kò dáná ọṣẹ. Ó wọ aṣọ tó fi ṣọdún Iléyá, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi òrí pa ọwọ́ rẹ̀. Ó pa á, ó pa á, ó tún pa á. Ó wá na ọwọ́ méjèèjì sí mi, ó ní, "Wò ó, Àṣàkẹ́, ṣé ó ti dára báyìí?"

Mo ní ó ti dára. Kò dára rárá, ó kàn ń dán ni.

Òun ló gbé báàgì mi lọ́nà. Ó ní ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ tíṣà kì í gbẹ́rù. A dé ẹnu ọ̀nà Ilé Ìràwọ̀, Fọlákẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn òbí wọn. Bí ìyá mi ṣe rí inú yàrá tó parọ́rọ́, tí aṣọ funfun ta sókè, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń bọ́ bàtà rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Fọlákẹ́ wo ìyá mi, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó wà lára bàtà, ó wò mí.

"Ta nìyẹn?"

"Ìyá tó ń bá wa fọṣọ ni," mo ní.

Ọ̀rọ̀ yẹn jáde pẹ́ú, bí ẹni pé ó ti wà lẹ́nu mi tipẹ́. Ọwọ́ ìyá mi dúró lára bàtà. Lẹ́yìn náà ó tún bàtà náà wọ̀, ó nàró, ó sì gbé báàgì sí iwájú mi.

"Ẹ gbà," ó ní. "Ẹ gba báàgì yín."

Láti ọjọ́ tó ti bí mi, ìyá mi ò pè mí ní ẹ rí. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí mò ń sọ. Ìyá wo ló ń fi ẹ pe ọmọ tó pọ̀n? Mo gba báàgì náà, mo sì wọlé.

Wọ́n pa iná. Bàbá Oníràwọ̀ fi òṣùpá hàn wá, ó fi ìràwọ̀ ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ hàn wá, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ó sọ orúkọ rẹ̀ lóyìnbó. Ó wá ní, "Ẹ̀yin àgbà, kí ni àwọn baba wa ń pe èyí?" Lọ́yà ò mọ̀ ọ́n, àwọn tíṣà ò mọ̀ ọ́n. Èmi mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹnu mi wúwo. Ohùn kan wá jáde láti ẹ̀yìn pátápátá.

"Àgùàlà ni. Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Inú Bàbá Oníràwọ̀ dùn dójú ẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ìyá wa! Ọmọ ta lẹ bá wá?"

Iná tọ́ọ̀ṣì mi ń sáré káàkiri ojú ọ̀run. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo nílò: ìyá mi ni. Mo ń retí kí ó tú mi fó, mo sì tún ń bẹ Ọlọ́run kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀.

"Mo kàn bá wọn gbé báàgì wá ni, sà," ìyá mi ní.

Fọlákẹ́ fi ìgúnpá gún mi. "Ìyá afọṣọ yín mà gbọ́n o!" Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ń dùn mí jù títí dòní.

Ẹ̀yìn mi ni ìyá mi ń rìn bá a ṣe ń padà sílé. Mo dúró dè é, òun náà dúró. Nígbà tá a délé, ó bu oúnjẹ fún mi, ó ní, "Àṣàkẹ́, jẹun," ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Kò nà mí, kò rojọ́ fún bàbá mi. Ìbá ṣe pé ó nà mí, ǹ bá ti sunkún, gbèsè ibẹ̀ ì bá ti tán.

Ibi tí wọ́n ń kó àga ìnáwó pamọ́ sí ni Ilé Ìràwọ̀ báyìí. Bàbá Oníràwọ̀ ti lọ. Ọṣẹ dúdú ló rán mi níwèé, èmi náà di tíṣà, mo sì máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ àgùàlà àti òwe rẹ̀. Wọ́n máa ń bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo máa ń ní, "Ìyá kan ni, ní ìsàlẹ̀ Mápó." Ìyá kan. Ẹ ò rí i pé ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn ò tíì lọ síbì kankan.

Gbogbo Sátidé ni mò ń lọ fọ aṣọ ìyá mi ní Bẹ́yẹrúnkà. Ẹ̀rọ ìfọṣọ wà nílé mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni mo fi ń fọ tirẹ̀, mi ò sì jẹ́ kí ẹlòmíì bá mi fọ̀ ọ́. Ní Sátidé tó kọjá, obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé agboolé wa yà kí i. Ó rí mi nídìí báàfù, ó ní, "Màmá, ta ni aláàánú tó ń bá yín fọṣọ yìí?"

Ọwọ́ mi dúró sínú ọṣẹ. Ojú ìyá mi ò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá. Mo sọ lọ́kàn mi pé ẹ̀san dé. Mo tẹ orí ba, mo sì gbà pé ohunkóhun tó bá sọ tọ́ sí mi.

"Ọmọ mi ni," ó ní. "Àṣàkẹ́. Tíṣà ni. Gbogbo ìràwọ̀ ló mọ̀."

Kò ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin náà kí mi, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó wá ku èmi àti ìyá mi. Mo ti tó ẹni tó ń bí ọmọ, mo ti tó ẹni tó ń bá ọmọ ọlọ́mọ wí, mo sì mọ ohun tó yẹ kí n sọ.

"Màámi," mo ní.

"Kí ló dé?"

"Ṣé ọṣẹ ṣì kù?"

Ó tọwọ́ bọ abẹ́ àga rẹ̀, ó bù ú, ó na ọwọ́ bíbó yẹn sí mi. "Gbà," ó ní. Kò fi ẹ ṣáájú rẹ̀. Mo gbà á, ojú sì tì mí ju ti ọjọ́ Ilé Ìràwọ̀ lọ.