Kọ́bọ́ọ̀dù Onígíláàsì Tíṣà Ayọ̀rìndé

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Tíṣà Nathaniel Ayọ̀rìndé ará Fìdítì kú, èyí àkọ́kọ́ sì ni àwọn èèyàn ṣì ń fi rẹ́rìn-ín títí di òní olónìí. Ìlórà ló kú sí nígbà náà, ní ṣọ́ọ̀bù Abdulwasiu káfíńtà, ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan.

Abdulwasiu ń kan kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan fún un, èyí tí yóò máa to àwọn ohun ìṣeré sí. Kọ́bọ́ọ̀dù náà gùn ju èèyàn lọ, kò tíì ní ẹ̀yìn, kò tíì ní gíláàsì, ṣùgbọ́n àwọn pẹpẹ inú rẹ̀ ti wà ní ìdúró. Tíṣà bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan pẹpẹ ìsàlẹ̀, ó mi orí.

"Wàsíù, ṣé èyí lè gbé nǹkan?"

"Ó lè gbé màlúù, sà."

"Èmi kò ní màlúù. Àmọ́ mo ní ara."

Kí Abdulwasiu tó sọ pé háà, bàbá ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ti bọ́ bàtà, ó ti ká fìlà sábẹ́ orí, ó ti na gbọọrọ sórí pẹpẹ, ó sì ká ọwọ́ méjèèjì lé àyà. Pákó náà kò dún rárá. Atẹ́gùn ń fẹ́ yẹ́ẹ́, òórùn pákó tuntun gba ibẹ̀ kan, àgbàlagbà sì ti jí láti ìdájí. Kò pẹ́ tó fi sùn lọ.

Obìnrin kan tó ń dúró de mọ́tò Ọ̀yọ́ ló ṣèèṣì yọjú. Ó rí Tíṣà tó nà gbalaja nínú pákó, ojú dí, ọwọ́ lórí àyà, ó sì rí káfíńtà tó dúró tì í pẹ̀lú òòlù. Kò béèrè ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. "Yéè! Tíṣà ti kú o! Wọ́n ti ń kàn án mọ́nú pósí!" Kí aago méjìlá tó lù, ẹkún ti sọ ní Fìdítì, Hannah, ọmọ kan ṣoṣo tí bàbá bí, sì ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní Ìbàdàn, ó ń sunkún bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Èrò ti kún ṣọ́ọ̀bù dẹ́múdẹ́mú nígbà tí Tíṣà la ojú. Ó wo gbogbo wọn lọ, ó wò wọ́n bọ̀.

"Ta ló kú?"

 Ó dìde jókòó, ó fọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀, ó yíjú sí Abdulwasiu. "Pákó rẹ lágbára, ṣùgbọ́n ó le jù. Mẹ́fà nínú mẹ́wàá."

Ẹni tí kò bá mọ Tíṣà yóò máa rò pé irú ohun ìṣeré wo ni àgbàlagbà fẹ́ máa tò sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ Fìdítì níwèé, gbogbo ohun ìṣeré tó bá sì ká mọ́ ọmọ lọ́wọ́ nínú kíláàsì, ó ń gbà á ni. Àwọn tíṣà tó kù a máa jù ú sínú igbó. Ti Ayọ̀rìndé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń gbé e lọ sílé, ó ń so ìwé pélébé mọ́ ọn, ó sì ń fi báírò pupa kọ orúkọ, kíláàsì, ọjọ́ àti ẹ̀ṣẹ̀ sí i. "Abdussalam, Pírámárì Kẹta: ó ń ta òkòtó nígbà tí à ń gbàdúrà." Nígbà tó fi máa fẹ̀yìn tì, wọ́n ti lé ní àádọ́jọ: mọ́tò agolo, òkòtó, ọmọlangidi, tẹlifóònù tí wọ́n fi agolo mílíìkì ṣe, ìbọn igi.

Àwọn ọmọ tó ni wọ́n ti dàgbà, wọ́n ti di èèyàn ńlá, wọ́n sì ń padà wá bẹ̀bẹ̀. Tíṣà kì í sọ pé òun kò ní fún wọn. Ó kàn máa ń ní kí wọ́n ka ìsọdipúpọ̀ mẹ́tàdínlógún láti orí kìíní dé orí ìkejìlá, láìdúró, láìwo fóònù. Ummu-Salamah, tó ti di nọ́ọ̀sì ní Ọ̀yọ́, wá gba ọmọlangidi rẹ̀. Ó kà á geere dé ìkeje. Nígbà tó dé ìkẹjọ, ó wo àjà.

"Mẹ́rìn... mẹ́rìndínláàádóje."

"Mẹ́rìndínlógóje," ni Tíṣà wí, ó sì ti ń gbé ọmọlangidi padà. "Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí àwọn aláìsàn rẹ sí. Ó di àmọ́dún."

Ọdún márùn-ún ni nọ́ọ̀sì fi ń bọ̀, tòun ti àpò ọsàn fún Tíṣà, ìkẹjọ yẹn náà ló sì ń gbé e ṣubú lọ́dọọdún.

Tíṣà mọ ìṣirò, kò mọ òòlù. Òun fúnra rẹ̀ ló kan pẹpẹ tó kọ́kọ́ to àwọn ẹrù náà sí, ikán sì ń jẹ ẹ́ nídìí láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ní ọ̀sán Sunday kan, gbogbo rẹ̀ dojú dé gbìì. Miracle, ọmọ ọdún márùn-ún tó jẹ́ ọmọ aládùúgbò, ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀ ni, kò tíì ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ohun ìṣeré mẹ́ta fọ́, Tíṣà kò tilẹ̀ wò wọ́n.  Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó wọ mọ́tò lọ sí Ìlórà.

Ọmọ kíláàsì rẹ̀ àtijọ́ ni Abdulwasiu. Òun náà ní ẹrù nínú àwọn ẹrù yẹn: mọ́tò akẹ́rù kan tó fi agolo sadíìnì ṣe nígbà tó wà ní Pírámárì Kẹrin, tó gé rọ́bà sálúbàtà ṣe táyà rẹ̀, tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí tó sì ń padé. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ láyé nìyẹn. Ohun tí Tíṣà kọ sára ìwé rẹ̀ ni pé, "Ó ń wa mọ́tò nínú kíláàsì láìní láísẹ́ǹsì." Abdulwasiu ti kan bẹ́ẹ̀dì, ó ti kan òrùlé, ó ti kan àga ṣọ́ọ̀ṣì àti ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí, síbẹ̀ kò sí ohun tó wù ú kó tún fojú kàn kó sì fọwọ́ kàn bíi mọ́tò agolo yẹn.

Ìdúnàádúrà bẹ̀rẹ̀. Owó kọ́ ni wọ́n ń jiyàn lé lórí. Tíṣà fẹ́ gíláàsì tí etí rẹ̀ kò ní ya ọmọdé lọ́wọ́. Ó fẹ́ kí ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù wà nínú agolo epo dúdú, kí ikán má baà gùn ún. Ó fẹ́ kí pẹpẹ kan wà ní ìbámu pẹ̀lú ojú Miracle, kí ọmọ náà lè rí nǹkan láìgun nǹkan.

"Kí o sì fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ ògiri ní ibi mẹ́rin."

"Ibi méjì ti tó, sà."

"Mẹ́fà."

"Ẹ ní mẹ́rin tẹ́lẹ̀ o, sà!"

"O kò tíì jiyàn nígbà yẹn."

Abdulwasiu gbà. Ó wá fọwọ́ nu ojú, ó ní, "Mọ́tò mi ńkọ́, sà?"

"Ọjọ́ tí kọ́bọ́ọ̀dù bá dúró, tí gíláàsì wọ̀ ọ́, mọ́tò rẹ di tìrẹ."

"Láìka ìsọdipúpọ̀?"

"Mo rántí máàkì rẹ, Wàsíù. Bí a bá ní ká dúró de ìyẹn, àwa méjèèjì la máa kú."

Láti ìgbà náà, Tíṣà kì í pa Ọjọ́bọ̀ kan jẹ. Àpótí ìjókòó kan wà fún un lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀pà sísun wà nínú abọ́, báírò pupa sì wà lápò rẹ̀. Ó máa ń fi máàkì sára pákó gẹ́gẹ́ bí ẹni ń máàkì ìwé. "Mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Pẹpẹ kejì wọ́. Tú u." Abdulwasiu á tú u, á tún un kàn, á ní ó kù díẹ̀. Tíṣà á béèrè gíláàsì. Abdulwasiu á ní ẹni tó ń gé gíláàsì kò tíì wọlé láti Ìbàdàn, kí wọ́n jẹ́ ó di Alàmísì tó ń bọ̀.

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, sà."

"Ohun tí a bá fi ọdún kan mú ńkọ́?"

Fàòsíyà ìyàwó káfíńtà kò lè pa á mọ́ra mọ́. "Kọ́bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, oṣù mẹ́rìnlá! Àbí kọ́bọ́ọ̀dù náà lẹ fẹ́ fi gba pẹ́ńṣàn ni?" Abdulwasiu rẹ́rìn-ín, kò fèsì. Èsì wà, ojú ló ń tì í láti sọ ọ́.

Gíláàsì ti délẹ̀ láti oṣù kejì iṣẹ́ náà. Abdulwasiu fi ẹní bò ó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń purọ́ nípa rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ yòókù kì í wò ju iwájú nǹkan lọ. Bó bá ti ń dán, wọ́n ti gbé e lọ. Tíṣà nìkan ló ń wo ẹ̀yìn kó tó wo iwájú. Òun nìkan ló máa ń fọwọ́ pa oríkèé pákó, tí á ní, "Èyí dára, ta ló kọ́ ọ?" Ọkùnrin ẹni ọdún márùnlélógójì sì máa ń dùn nínú bí ọmọ Pírámárì Kẹrin. Bí gíláàsì bá wọ kọ́bọ́ọ̀dù, Ọjọ́bọ̀ parí nìyẹn. Ó fẹ́ mọ́tò rẹ̀, àmọ́ ó fẹ́ Tíṣà jù ú lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó gbé àpótí síta, ó da ẹ̀pà sínú abọ́, ó dúró. Aago mẹ́wàá lù, Tíṣà kò dé. Fóònù ló dún. Hannah ni. Ó ní Dádì jókòó sórí àga lánàá lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọn kò sì dìde mọ́.

Nígbà tí ìròyìn náà tàn ká Ìlórà, ẹ̀rín ni àwọn èèyàn fi gbà á. "Ẹ lọ wò ó dáadáa. Ó ti sùn ni." Abdulwasiu kò bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun náà gbà á gbọ́ díẹ̀. Ó ń gbà á gbọ́ lórí ọ̀kadà títí tó fi dé Fìdítì. Ó di ọwọ́ bàbá mú. Ọwọ́ náà tutù, ìrètí yẹn sì kú mọ́ ọn lára.

Òun ni wọ́n ní kó kan pósí. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni káfíńtà tó fi oṣù mẹ́rìnlá kan kọ́bọ́ọ̀dù fi parí rẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ó yí i padà, ó fọwọ́ pa gbogbo oríkèé rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí yóò bá a wò ó mọ́. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kọrin, wọ́n sin Tíṣà tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Abdulwasiu dúró lẹ́yìn wọn, omi kan kò bọ́ lójú rẹ̀. Irọ́ tó pa nípa gíláàsì ló ń rò.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìsìnkú, ó gbé kọ́bọ́ọ̀dù lọ sí Fìdítì. Ó lu ògiri pálọ̀, ó fi nọ́ọ̀tì dè é ní ibi mẹ́fà. Ó ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ agolo epo. Ó pe Miracle kó wá dúró wò ó, ojú ọmọ náà sì ṣe déédéé pẹpẹ. Òun àti Hannah bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ẹrù náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ka ẹ̀ṣẹ̀ tí Tíṣà kọ sára wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ku gíláàsì nìkan, Abdulwasiu jókòó sílẹ̀.

"Àǹtí Hannah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Gíláàsì yìí ti wà lọ́wọ́ mi láti bí ọdún kan. Mo purọ́ fún Bàbá. Wọn ìbá ti rí gbogbo èyí kí wọ́n tó lọ. Èmi ni mi ò jẹ́ kí wọ́n rí i."

Hannah jókòó tì í.

"Bùọ̀dá Wàsíù, Dádì mọ̀."

"Wọ́n mọ kí ni?"

"Ọjọ́ kan tí òjò ká wọn mọ́ ọ̀dọ̀ yín, wọ́n ń wá ibi gbígbẹ tí wọ́n á fi bàtà sí, ni wọ́n bá ṣí ẹní sókè. Wọ́n pè mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, 'Gíláàsì ti wà nílẹ̀ o, Wàsíù ń purọ́ fún mi.' Mo ní kí wọ́n bá yín wí. Wọ́n ní, 'Má dán an wò! Bí mo bá sọ̀rọ̀, á parí iṣẹ́. Níbo ni kí n wá máa lọ ní Ọjọ́bọ̀?'" Ohùn rẹ̀ ti ń yí padà. "Pẹpẹ kejì tí wọ́n ní kí ẹ tú, kò wọ́. Wọ́n sọ fún mi pé kò wọ́."

 Abdulwasiu dìde, ó ti gíláàsì wọ ojú ihò rẹ̀, ó rọra tì í títí ó fi dé òpin. Ó nù ún. Ó tún un nù. Kò sí ohun tó kù láti ṣe.

Hannah ti gíláàsì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó na ọwọ́ wọlé, ó gbé mọ́tò agolo sadíìnì náà jáde, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́. "Ìlérí ni," ló wí. Agolo náà kò dípẹtà. Ẹnìkan ti ń fi òróró pa á láti ọdún gbọọrọ, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń ṣí, ó ń padé.

Ó gbé e lé itan lórí ọ̀kadà tó ń gbé e padà sí Ìlórà. Ọlọ́kadà ń wò ó nínú dígí.

"Ẹ rà á fún ọmọ ni?"

"Rárá. Èmi ni mo ṣe é. Tíṣà mi ló bá mi tọ́jú ẹ̀."

Bó ṣe sọ ọ́ tán báyìí, ló gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ, ẹkún tí kò rí sun lọ́jọ́ ìsìnkú sì bú jáde.  Ọlọ́kadà dín eré kù, ó sì ń fẹ̀sọ̀ yẹra fún kòtò, kí mọ́tò kékeré náà má baà já bọ́.