Lẹ́tà Tó Jóná Nínú Ààrò Ẹja

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí láyé yìí ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi kó tó kú, mo sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi, mo sì ń sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń gbé yàrá ilé mi ní Àgọ́-Ìwòyè, pàápàá àwọn tó ń fi ìwé wọn ṣeré. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà. Mo yege ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn obìnrin. Ọ̀gá ilé ìwé wa fúnra rẹ̀ ló gbé lẹ́tà ìgbàwọlé mi wá sílé wa ní Efire, ṣùgbọ́n mo ti bá àwọn tó ń gbé ẹja lọ sọ́jà wọ ọkọ̀ ojú omi. Kí n tó dé, ẹ̀gbọ́n mi ti sọ lẹ́tà náà sínú ààrò tí a fi ń yan ẹja. Ìgbà tí mo fi gbọ́ pé lẹ́tà kan tiẹ̀ wá, wọ́n ti fi àyè mi fún ẹlòmíràn.

Ìyá wa na ẹ̀gbọ́n mi níwájú gbogbo agbo ilé. Kò sunkún, kò bẹ̀bẹ̀, kò ṣàlàyé. Ilẹ̀ ló ń wò. Ìyá wa wá fà mí mọ́ra, ó bu ẹja inú àwo tirẹ̀ fún mi, ó ní Ọlọ́hun á fi èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ dá mi lọ́lá. Bàbá wa ti kú lọ́dún tó ṣáájú. Kí n tó ṣe ìdánwò yẹn ni ìyá wa ti ń béèrè pé tí mo bá lọ, ọwọ́ mélòó ló kù nídìí ààrò. Síbẹ̀ ó jẹ́ kí n ṣe é. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn títí tó fi fi ayé sílẹ̀.

Ọdún méjì ni mo fi yan ẹja kí n tó rí ilé ìwé mìíràn wọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, èyí tí kò tó èyí tí mo pàdánù. Mo di olùkọ́, mo di ọ̀gá ilé ìwé, mo fẹ̀yìn tì. N kò gbàgbé. Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ bébà sí Ìwopin, mo ní kí wọ́n bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè, òun ló mọ bí bébà ṣe ń jó sí. N kò dé ibi fìdáù ọkọ rẹ̀. Tó bá fi ẹja ránṣẹ́ sí mi nígbà Iléyá, àwọn ayálégbé mi ni mo ń pín in fún. N kì í pè é ní ẹ̀gbọ́n. Ìyá Efire ni mò ń pè é, bí ẹni pé oníbàárà rẹ̀ ni mí. Wọ́n ní tí wọ́n bá rò ó fún un, ohun tó máa ń sọ ni pé kí wọ́n fi mí sílẹ̀, ìwé ni mo kà jù.

Bí ọdún méjì sẹ́yìn ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ránṣọ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, pè mí pé ìyá òun ti sun ẹja di eérú lẹ́ẹ̀mẹta, pé ó ń lọ dúró de ọkọ rẹ̀ tó ti kú létí ọ̀sà. Dókítà ní àrùn ìgbàgbé ni, pé ọpọlọ rẹ̀ ń kú díẹ̀díẹ̀. Ó ní ó dà bí aṣọ inú àpótí: èyí tó wà lókè ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó, tìsàlẹ̀ ló ń kẹ́yìn. Ọmọ náà ń sunkún. Èmi ń rò ó lọ́kàn mi pé ìsàlẹ̀ pátápátá ni lẹ́tà mi wà.

Ìdí tí mo fi gbà á sílé nìyẹn, nígbà tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú tó sì nílò ẹni tí yóò bá a tọ́jú ìyá rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní Ọlọ́hun á san mí lẹ́san. Mo ṣe àmín.

Ẹ̀gbọ́n mi máa ń ṣe àlùwàlá títí ara ògiri á fi rin. Ó lè kírun Alásárì lẹ́ẹ̀mẹrin kí oòrùn tó wọ̀. Ó rí ara rẹ̀ nínú dígí pálọ̀, ó kí i káàbọ̀, ó ní kí n bu omi fún àlejò. Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èmi náà ti ń wá gíláàsì ojú mi nígbà tó wà lójú mi, nítorí náà ẹ̀rín yẹn kò pẹ́.

Lọ́jọ́ kejì tó dé, mo jókòó tì í, mo bi í léèrè ta ló jó lẹ́tà mi. Ó wo àwọn ìwé ẹ̀rí tí mo fi kọ́ ògiri, ó bi mí bóyá olùkọ́ ni mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Àbúrò mi náà mọ̀wé,” ó ní, “àfi pé kò mọ èèyàn.”

Nígbà tó yá ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ìyá. Mo ń ti ilé ìwẹ̀ bọ̀, mo ró ìró mọ́ àyà, ó sì kúnlẹ̀ kí mi. Òótọ́ ni pé bí mo ṣe ń dàgbà ni ojú mi ń di ojú ìyá wa. Mo sọ fún un pé Ìyá ti kú. Ó fọwọ́ lérí, ó sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, torí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ni. Lẹ́yìn wákàtí kan ó tún pè mí ní Ìyá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo túfọ̀ òkú yẹn fún un lọ́jọ́ náà. Mo lè ní mo fẹ́ tọ́ ọ sọ́nà ni. Lẹ́ẹ̀kẹrin, kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ máa dé, mo ṣe ohun tí mo jókòó kọ ìwé yìí nítorí rẹ̀. Mo ṣí àpótí mi, mo yọ ìborùn ìyá wa, mo dà á sí èjìká òsì bó ṣe máa ń dà á. Mo mú tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ́wọ́. Mo jókòó sórí àpótí kékeré lẹ́yìnkùlé, mo sì pe ẹ̀gbọ́n mi ní oríkì rẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò pè é mọ́ láti ìgbà tí ìyá wa ti kú. Èdè etí omi wa ni mo fi pè é, èdè tí mo ti lé kúrò lẹ́nu mi láti ìgbà tí mo ti di olùkọ́. Ó jáde kíá bí ọmọdé.

Mo bi í léèrè ta ló jó lẹ́tà àbúrò rẹ̀.

Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo ẹ̀yìn mi. Ó wá gbé ohùn sókè, bí ẹni tó fẹ́ kí ará ilé kejì gbọ́, ó ní, “Èmi ni.”

Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. Mo ní kó kúnlẹ̀ kó tọrọ àforíjì. Orúnkún rẹ̀ kò tẹ̀ dáadáa mọ́. Ó di ògiri mú, ó sì kúnlẹ̀ lórí kọnkéré, ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó fi ọdún márùn-ún jù mí lọ. Mo ní kó sọ ìdí tó fi jó o. Ilẹ̀ ló ń wò, bó ti wò ó lọ́jọ́ tí ìyá wa nà án. Mo bi í lẹ́ẹ̀kejì, mo bi í lẹ́ẹ̀kẹta. Ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ bá wa, torí ó tètè dé. Bàtà ìyá rẹ̀ ló sọ nù, ni mo sọ fún un, òun ló ń wá. Ọmọ náà wo ìborùn èjìká mi, ó wo ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ tí bàtà wà níbẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣeun, Àǹtí.” Kò tíì pè mí láti ọjọ́ náà.

Ó kó ẹrù wọn sínú mọ́tò. Ìborùn ṣì wà lára mi; n kò ráyè bọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi ti jókòó, ó na ọwọ́ jáde láti ojú fèrèsé, ó fà mí súnmọ́ ẹnu rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń ta òórùn èéfín ẹja, tàbí bóyá èmi ni mo rò bẹ́ẹ̀. Ó rọra sọ ọ́ sí mi létí, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́:

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá. Mo ní èmi ni mo jó lẹ́tà náà. Mi ò sọ fún àbúrò mi pé ẹ̀yin lẹ rán mi.”