Yàrá Àlàáfíà Onígíláàsì

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rín náà ò jẹ́ kí n gbádùn ìbínú mi.

Ọmọ mi ṣì kéré gan-an nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́ níléeṣẹ́ ohun mímu kan n'Íkẹjà. Ìyá ọkọ mi ló ń tọ́jú rẹ̀ nílé wa l'Ágége, omi ọyàn tí mo bá fún sínú ìgò ni wọ́n sì fi ń bọ́ ọ. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ iléeṣẹ́ ni mo ti ń fún omi ọyàn náà. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ láti yẹ ohun mímu wò kó má baà ní ìdọ̀tí! Bí ẹnikẹ́ni bá gbé omi ọsàn wa wọ ibẹ̀, màá da gbogbo rẹ̀ nù ni. Kò pẹ́, omi ọyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ìgò tó máa ń kún di ààbọ̀.

Mo bá lọ bá ọ̀gá. Yàrá kékeré kan, àga kan, ilẹ̀kùn tó ṣe é tì: ohun tí mo bèèrè kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n fún wa ní yàrá o! Àga tìmùtìmù, òdòdó oníke, ẹ̀rọ amúlétutù, àkọlé gàdàgbà: "Àlàáfíà Òṣìṣẹ́ Jẹ Wá Lógún." Gíláàsì ni ògiri rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó sì dojú kọ ibi tí wọ́n ti ń kó ẹrù sí tírélà. Ọ̀gá ní torí kí àlejò lè rí bí àwọn ṣe ń tọ́jú wa tó.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé, awakọ̀ tírélà kan juwọ́ sí mi. Mo dé bọ́tìnì mi padà, mo jáde.

Obìnrin àgbà kan tó ń darí àwọn tó ń di ọjà, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá Ìkókó, o ti ṣe tán?"

"Ṣe tán kẹ̀! Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, Àǹtí. Inú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n gbé mi sí."

Àǹtí rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Kí àkókò oúnjẹ ọ̀sán tó tán, òun àtàwọn obìnrin rẹ̀ ti fi páálí ọjà bo gíláàsì náà pátá. Mo jókòó, mo fún ìgò kan kún.

Ni ọ̀gá bá dé láti wá ya fọ́tò.

"Ta ló ba ibí yìí jẹ́? Ẹ ya páálí yìí kúrò kíá!"

"A ó ya á, sà," mo ní. "Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wọlé, ẹ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì yín, kí ẹ jókòó díẹ̀. Àwa á dúró níta, a ó máa wò yín."

"Ẹ má gbàgbé síńgílẹ́ẹ̀tì o, sà," Àǹtí fi kún un.

Awakọ̀ tírélà yẹn ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wo páálí, ó wo àyà ara rẹ̀, ó yí padà. Páálí wà níbẹ̀ dòní.

Ẹjọ́ mi ò tíì tán o. Ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ ni kọ́kọ́rọ́ yàrá náà ṣì wà, ẹ̀rọ amúlétutù náà sì ń kán sórí àga. Àmọ́ ìyá ọkọ mi ti ń ráhùn báyìí pé ìgò ò jẹ́ kí ẹja àwọn ráyè nínú fíríìjì. Ẹjọ́ kan ṣoṣo tó dùn-ún gbọ́ létí mi nìyẹn.